Ẹ Gùn Ún, Ẹ Wò Ó, Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀

Bíbélì kíkà: Deuteronomi 34:1–4, Joṣua 14:6–14, Nehemiah 2:11–18, Matteu 17:1–9

Ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá lórí tẹlifíṣàn nínú ilé yín, bí àwọn ọmọ bá wà ní yàrá, ẹ pè wọ́n wá sí pálọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ òní kan tọmọdé tàgbà. Ẹ yíjú sí ẹni tó jókòó tì yín, kí ẹ sọ fún un pé, "Aládùúgbò, òkè kan wà tí o gbọ́dọ̀ gùn." Ẹ tún sọ fún un pé, "Ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀." Ó dára. Ẹ jókòó dáadáa.

Bí pásítọ̀ bá ti dárúkọ òkè báyìí, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ti lọ sí orí òkè àdúrà, ẹ ti ń ronú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Òkè tí mo fẹ́ kí a gùn lónìí, ẹsẹ̀ la fi ń gùn ún, òógùn sì lowó ọkọ̀ rẹ̀. Inú Ìbàdàn níbí ló wà, láàrin agboolé àwọn baba wa. Ẹlòmíràn nínú yín ti gbé Akóbọ̀ tàbí Bódìjà fún ogún ọdún, kò débẹ̀ rí. Ẹlòmíràn, ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló wà, kò sì gùn ún rí. Ẹ tẹ̀lé mi ká lọ.

Ọ̀NÀ TÍ A Ó GBÀ

Ọjà'ba ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ mú omi dání. Ìsàlẹ̀ òkè Mápó ni ọjà yẹn wà, orúkọ rẹ̀ sì ń rán wa létí Ìba Olúyọ̀lé títí di òní. Àárín àwọn ìyá tó ń pàtẹ ọjà lẹ ó gbà kọjá. Ẹ kí wọn o! Ẹ ní, "Ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà á o." Ẹni tí kò lè kí ènìyàn nísàlẹ̀, kí ló fẹ́ lọ wò lókè?

Láti Ọjà'ba, ẹ dojú kọ Mápó. Ibí ni èémí ti máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́ni. Ẹ ó rò pé ilé ńlá olópòó yẹn wà nítòsí, àfi ìgbà tí itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó, láyé àwọn Òyìnbó. Bí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ dúró, ẹ mumi, ẹ wẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, ẹ̀yin aláboyún, ẹ gbọ́ mi dáadáa: bí ara bá ní ó tó, ẹ jókòó sí Mápó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò lè gun òkè kì í ṣe aláìnígbàgbọ́. Láti Mápó náà, ẹ ó rí púpọ̀.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Ṣé ẹ rí i? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn tán ni, ẹ tún ń sọ̀. Ohun tí ẹ fi òógùn rà ní Mápó, ẹ ó ná an tán kí ẹ tó dé Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Micra ti ń fun fèrè, tí ọlọ́kadà ń ké sí yín pé, "Ẹ gòkè ká lọ!" Ẹ má gùn ún. Ẹ sọdá dáadáa, ẹ dojú kọ Òkè Ààrẹ.

Òkè Ààrẹ kì í ṣeré. Àárín ilé sí ilé ni ọ̀nà ń gbà níbẹ̀, ó ń rọ́, ó ń kọ́, ibòmíràn sì dà gẹ́gẹ́ bí ògiri. Ẹ má sáré. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kéékèèké. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ geere mọ́ nítorí mímí, ẹ ti ń yára jù nìyẹn. Lórí òkè yẹn lẹ ó ti rí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì lé ní ogójì. Àtẹ̀gùn náà ń yí po, ó ń yí po, títí yóò fi gbé yín jáde sókè pátápátá. Ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú níbẹ̀ o.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò tán, ẹ má gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá padà. Ẹ gba ti Bẹ́yẹrúnkà sọ̀ kalẹ̀, láàrin àwọn agboolé, kí ẹ tó yí padà sí Ọjà'ba tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa orúnkún, kì í ṣe ìgòkè. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ̀.

ORÚKỌ TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN RÁNTÍ

Ta ni wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn fún? Captain Robert Lister Bower ni, ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn, láti 1893 sí 1897. Alágbára ni. Oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni ó yin àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ogójì ọdún tó ti kúrò ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ ilé ìrántí fún un níbi tó ga jù láàrin ìlú, kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Òkè Ààrẹ pé kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò ní sọ pé Bower. Yóò sọ pé Láyípo! Nítorí kí ni? Nítorí àtẹ̀gùn tó ń yí po. Ẹ rí i bí? Orúkọ ọ̀gá wà lára òkúta, orúkọ àtẹ̀gùn wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ohun tó bá gbé ènìyàn gòkè ni wọ́n ń rántí. Ìwọ tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìwọ tó jẹ́ olórí ẹbí, ìwọ tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì nínú ìjọ, ṣé òkúta lo fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí ni, àbí o fẹ́ jẹ́ àtẹ̀gùn fún ẹnìkan? Ẹ dá mi lóhùn o!

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: ÒKÈ KÌ Í BẸ̀RẸ̀ FÚN ẸNIKẸ́NI

Ẹni bá fẹ́ gun òkè ló ń tẹ̀ síwájú kó tó lè gùn ún. Òkè kì í tẹ̀. Owó rẹ kò kàn án. Dígírì rẹ kò kàn án. Alága àti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ alága, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà mí gúlegúle.

Àwọn baba wa mọ òkè ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí wọn kò gùn ún fún afẹ́. Ìtàn Ìbàdàn sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú ká, orí òkè ni àwọn tó kù sá lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá sá di Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè títí di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó. Títí di òní, àtẹ̀gùn 667 lẹ ó gùn kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ wọn, tó fi jẹ́ pé wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà. A kì í bọ òkè o. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo kàn ń sọ fún yín pé ìran tó bí wa kì í ṣe ìran tí òkè ń dẹ́rù bà.

Ẹ wo Kalebu. Ẹni ọdún 85 ni! Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, ó lè béèrè pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó rọrùn, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Òkè ló béèrè, òkè tí àwọn ọ̀tá tó sígbọnlẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ọdún 45 ṣáájú ìgbà náà ni ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ilẹ̀ yẹn. Ó mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀pọ̀ wa ń béèrè òkè tí a kò rìn dé ẹsẹ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: GÍGA KỌ́ NI ÌRÍRAN

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èèyàn lè dé orí Láyípo kí ó má rí nǹkankan. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó gùn ún débẹ̀, fóònù ni wọ́n gbé sójú, wọ́n ya àwòrán ara wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìbàdàn wà lẹ́yìn wọn nínú àwòrán. Ẹ̀yìn wọn ló wà lóòótọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ẹ má lọ nígbà tí ọyẹ́ bá mú, nítorí eruku yóò bo ojú ọ̀run. Ẹ lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé òjò. Òjò a ti fọ ojú ọ̀run. Ẹ ó rí páànù tó ti dípẹtà, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tó lọ salalu bíi pé kò lópin. Ẹ ó rí gbọ̀ngàn Mápó tí ẹ ti kọjá. Ní apá Dùgbẹ̀, ẹ ó rí Cocoa House, ilé alájà 26 tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́. Nígbà náà ni yóò yé yín pé orí ẹ̀yìn òkè gígùn kan lẹ dúró sí, èyí tó la àárín ìlú kọjá. Ibi tó ga jù nínú Ìbàdàn tó nǹkan bí mítà 275 sí ojú òkun, àwọn àfonífojì rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí mítà 150.

Bower náà, ìlú kan náà yìí ló ń wò. Ó ń wo ìlú tí yóò pàṣẹ fún. Ẹlòmíràn ń wo ilẹ̀ tí yóò rà. Ẹlòmíràn rí páànù tó dípẹtà, ó ní, "Ìdọ̀tí!" Ọmọ agboolé yẹn náà ni o! Láti ìgbà tó ti kọ́lé sí ẹ̀yìn odi, ó ń tijú láti sọ pé Bẹ́yẹrúnkà ni òun ti wá. Ìyá rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ páànù yẹn. Ìyá náà ń gbọ́ ìwàásù yìí lọ́wọ́lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣàn aládùúgbò. Kí lo rí nígbà tí o wò?

Mose gun òkè Nebo, ẹni 120 ọdún. Ó rí gbogbo ilẹ̀ náà, láti ìhín dé ọ̀hún, kò sì dé ibẹ̀. Kí wá ni èrè gígùn rẹ̀? Ó rí ibi tí àwọn mìíràn yóò gbé. Bí ìwọ kò bá lè gun òkè kí inú rẹ sì dùn sí ilé ẹlòmíràn tí o rí, o kò tíì ríran.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: OMI MỌ Ọ̀NÀ ÌSÀLẸ̀

Ẹ gbọ́ èyí o, nítorí òun gan-an ló mú mi sọ̀rọ̀ òkè lónìí. Bí ẹ bá dúró sí Láyípo, ẹ ó rí ohun kan tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò lè rí: ibi tí omi ń lọ. Omi tó bá rọ̀ sórí òkè wa kò ní jókòó síbẹ̀. Àwọn odò mẹ́rin ló ń gba omi Ìbàdàn: Ọ̀nà, Ògbèrè, Ògùnpa àti Kúdẹtì. Láyé àtijọ́, igbó àti ilẹ̀ rírọ̀ máa ń mu nínú òjò kí ó tó dé odò. Lónìí, páànù kì í mu omi. Kọnkéré kì í mu omi. Nítorí náà gbogbo rẹ̀ a sáré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá wá dé abẹ́ afárá, tó bá ọ̀rá, mátírẹ́ẹ̀sì àti pàǹtírí tó ti dí ibẹ̀, ibo ni yóò gbà? Yóò gba inú ilé.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún. Ẹ̀mí tó bá a lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ rántí. Àti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ "omíyalé" ti di ọ̀rọ̀ ẹkún ní Ìbàdàn. Wọ́n fi kọnkéré kọ́ ojú ọ̀nà odò náà lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé. Ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún tún lọ, afárá wó, ilé wó. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Báńkì Àgbáyé kò ní wá gbá gọ́tà iwájú ilé rẹ.

Arábìnrin kan wà tó ń ta aṣọ nísàlẹ̀. Lọ́dún 2011, omi kó gbogbo ọjà rẹ̀ lọ, owó àjẹsẹ́kù ni ó fi kó o. Ó sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, mi ò bínú sí òjò. Òjò ò mọ̀ mí. Ọ̀rá tó dí ojú afárá yẹn, ẹnìkan ló gbé e síbẹ̀." Mi ò lè dá a lóhùn. Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó bá wá da pàǹtírí síwájú ńkọ́? Lórí òkè, kì í ṣe òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn! Òjò ń rọ̀, mọ́mì lórí òkè ní, "Ẹ tètè kó ilẹ̀ yẹn dà sínú àgbàrá, kí ó gbé e lọ." Àgbàrá gbé e lọ lóòótọ́. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọmọlàkejì rẹ̀. Ìwọ kò rí i, nítorí ojú òkè kọ́ lo fi ń wò, ojú àgbàlá rẹ lo fi ń wò. Ẹ̀yin tó ń pariwo "Àmín" jù nígbà tí a bá ń gbàdúrà ìgbéga, mo ń bá yín wí: nígbà tó bá gbé yín ga, kí ni yóò máa ṣàn láti ọ̀dọ̀ yín sọ̀ kalẹ̀? Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ní ń ṣàn o. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ń ṣàn. Ìbínú bàbá ń ṣàn. Owó oṣù tí ẹ kò san fún ọmọ iṣẹ́ ń ṣàn dé ibi ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: Ẹ MÁ PÀGỌ́ SÍBẸ̀

Peteru débi tó dùn, ó ní kí àwọn pàgọ́ mẹ́ta. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bí ẹ bá ti jìyà gun òkè, tí atẹ́gùn wá ń fẹ́ yín lójú, tí ariwo Bẹẹrẹ kò dún létí yín mọ́, kò ní wù yín láti sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ òkè yẹn, bàbá kan dúró pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣubú sínú iná. Bí wọ́n bá pàgọ́ lókè, ta ni yóò dá ọmọ yẹn lóhùn?

Ẹ wá wo Nehemiah. Ó dé Jerusalẹmu, kò pè ìpàdé, kò gbé pósítà. Ó dìde lóru, ó jáde ní ẹnubodè kan, ó ń wo odi tó wó, ó rìn títí ó fi dé ibi tí ẹranko tó gùn kò ti rí ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ẹnubodè tó gbà jáde ló gbà wọlé. Ó yí po ni! Ìgbà tó yí po tán ló tó sọ pé kí wọ́n dìde kọ́ ọ. Ẹni tí kò rìn yí ká, kí ló fẹ́ kọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ gba Bẹ́yẹrúnkà sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà tí ẹ gbà gòkè, ohun tí ẹ ti rí lẹ ó tún rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yóò mú yín gba ẹnu ọ̀nà àwọn tí ẹ wo páànù wọn láti òkè. Láti òkè, páànù ni. Nísàlẹ̀, màmá àgbà kan ló jókòó lábẹ́ rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà. Yóò ní, "Ẹ kú ìrìn o, ọmọ mi. Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí i. Ẹ béèrè bí gọ́tà iwájú ilé wọn ṣe ń ṣe lákòókò òjò. Yóò sọ fún yín ju ohun tí Láyípo fi hàn yín lọ.

IṢẸ́ TÍ MO GBÉ FÚN YÍN

Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin tí ara yín dá, ẹ lọ rìn ín. Ẹ má dá nìkan lọ; ẹ mú ọmọ kan àti àgbà kan tó mọ ọ̀nà dání. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ilé baba yín láti òkè. Ẹ tọ ipa omi láti ibẹ̀ lọ sí odò, kí ẹ mọ ẹni tó ń gbé lójú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, kí iṣẹ́ kan bá yín sọ̀: gọ́tà kan tí ẹ ó gbá, ìyá kan tí ẹ ó lọ kí, gbèsè kan tí ẹ ó san. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́, kí ẹ tó pe ara yín ní ẹgbẹ́ orí òkè, mo fẹ́ rí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ Sátidé, kí òjò tó dé.

Ẹ dìde. Ẹ gbé ọwọ́ lé àyà yín, ẹ̀yin tó wà nílé náà. Ẹ gbàdúrà yìí pẹ̀lú mi: Olúwa, fún mi ní ẹsẹ̀ tí yóò gun òkè mi. Fún mi ní ojú tí yóò rí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Má jẹ́ kí ohun tó ń ṣàn láti ọ̀dọ̀ mi pa aládùúgbò mi. Bí mo bá sì rí i tán, mú mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kí ara yín kí ẹ tó jókòó. Ó dàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá dá, a ó pàdé ní Ọjà'ba.